Èmi, Alùpùpù Ńlá, àti Àwọn Kọ́nà Òkè Òbúdú

Mo ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ro irú aṣọ tí ẹ máa wọ̀ wá sí ìsìnkú mi, ẹ dá a padà sínú àpótí. Ara mi le, eyín mi pé bó ṣe wà kí n tó lọ, alùpùpù mi sì wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà mi ní Igbó-Elérin. Mò ń kọ èyí nítorí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ìrìn-àjò náà káàkiri Okokomaiko, wọn ò sì sọ ọ́ dáadáa.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ilẹ̀ Èkìtì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Ọ̀jọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ yín ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn kan nínú wọn ti di ẹni ńlá, wọn kì í sì í yà kí mi mọ́. Mo mọ orúkọ wọn. Ọkọ mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ti kú. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. N kò ní ẹjọ́ kankan bá a rò, àfi pé ó máa ń gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni Bọ̀dá Akínwálé, tí wọ́n ń gbé ní Ìbà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ tuntun ní Ẹ̀fọ̀n, mo ní alùpùpù kékeré kan tí mo fi ń lọ sí iléèwé. Bọ̀dá Akínwálé ló pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí, ìpàdé náà ló sì pàṣẹ pé kí a tà á. Ó ti lé ní ogójì ọdún. N kò gbàgbé, n kò sì díbọ́n pé mo gbàgbé.

Àdéhùn inú pálọ̀ mi

Ọmọkùnrin mi, Fọlárìn, fẹ́ràn alùpùpù bí èmi. Nígbà tí ó ra tuntun, ó fún mi ní èyí tí ó ti ń gùn tẹ́lẹ̀. Kúrúsà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ó gùn, ó rẹlẹ̀, ó wúwo bí màlúù. Ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta bí ìwo. Bí ó bá ń lọ lójú ọ̀nà tó tọ́, ìwọ tí o wà lórí rẹ̀ lè ro gbogbo ọ̀ràn ayé rẹ tán. Láàárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gùn ún káàkiri inú ẹ́sítéètì ní Ìbà, kí ọwọ́ mi lè mọ́ ọn. Sátidé kan ni Bọ̀dá Akínwálé rí mi.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti wà nínú pálọ̀ mi.

"Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé?"

"Orí mi pé, Bọ̀dá."

"Obìnrin àádọ́rin ọdún lórí máṣíìnì! Kí ni kí n wí fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ wí fún wọn pé mo ń kí wọn."

Fọlárìn wúkọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Ó wá ní kí a má bínú, pé òun ń múra àtilọ sí òkè Òbúdú, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ mọ́ ara òkè láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè téńté, bóyá kí Mọ́mì tẹ̀lé òun, kí wọ́n lè fara balẹ̀ kọ́ kọ́nà yíyí.

Bọ̀dá Akínwálé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo kórìíra jù lọ ní ayé yìí.

"Ọ̀nà tó tọ́ nìkan lo mọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba iwájú Okokomaiko kọjá lọ sí Badagry, ta ni kò lè gùn ún? Ó dáa. Bí o bá gun òkè yẹn, tí o sì sọ̀ kalẹ̀ láìṣubú, èmi Akínwálé ò ní sọ̀rọ̀ máṣíìnì sí ọ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣubú, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kí Fọlárìn tà á."

"Mo gbà."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká—"

"Mo ní mo gbà, Fọlárìn."

Ọ̀kpá

N kò ní fi ọ̀nà jíjìn dá yín lágara. Ọ̀nà tó tọ́ kò ní ìtàn nínú. Fọlárìn wà níwájú, mo wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì ń sùn ní ibi tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú bá wa. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Enugu nìkan ni màá mẹ́nu bà.

A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí obìnrin kan ti ń ta ọ̀kpá. Ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì sè nínú ewé ni, bí ọ̀lẹ̀ tiwa. Mo bọ́ akoto lórí, irun funfun mi sì hàn. Obìnrin náà pariwo. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń fọwọ́ kan ara alùpùpù náà bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ tuntun.

Ó bi mí ní pijin pé, "Mama, na you dey drive am? No be your pikin?"

Mo ní èmi ni.

Ó di ọ̀kpá fún mi, ó tún fi ọ̀kan lé e. Mo ní n ò lè jẹ ẹ́ tán. Ó ní kì í ṣe tèmi, ti alùpùpù ni, kí ó má baà rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mo jẹ ti alùpùpù náà. Ó gbóná, ó rọ̀ lẹ́nu. Bí mo ti ń jẹ ẹ́ ni mo ń rántí àwọn ìyá ìjọ wa kan tí wọ́n ti jókòó tì mí fún ogún ọdún, tí wọn kò tíì bi mí léèrè rí pé ṣé ó rẹ̀ mí.

Ìsàlẹ̀ òkè

Nígbà tí a dé Òbúdú, ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni ìkíni wọn. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ju ọmọ-ọmọ mi lọ na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Mama, welcome." Mo wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé ìdánwò òfìfo sí níwájú. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, èmi náà ti ń na ọwọ́ kiri. Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wò ọ́ lójú.

Ọ̀gbẹ́ni Undie ni a dé sí ilé rẹ̀. Ó jẹ́ mẹkáníìkì, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti ń gun òkè náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Òun ni ó máa ń ṣáájú àwọn àlejò tó bá fẹ́ gùn ún. Ìyàwó rẹ̀ gún iyán fún wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní olú àti ẹran ewúrẹ́. Ọmọ Èkìtì ni mí. Mo ti múra láti jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, bí olùkọ́ tó fẹ́ yọ máàkì. Mo bu òkèlè kìíní. Kò ní kókó. Mo bu ìkejì, mo wá a títí, kò ní kókó.

"Mama, e good?" ni ìyàwó Undie bi mí.

Mo ní ó dára. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára ju tèmi lọ. Kí àwọn ará Èkìtì tó wà ní Ìbà má bá mi jà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Undie gbé alùpùpù mi yẹ̀ wò. Ó tẹ̀ ẹ́ sápá kan díẹ̀díẹ̀ títí tí pátákó irin tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ó sọ ọ́ ní pijin, mo sì ń tú u sí Yorùbá fún yín: "Mama, ẹ wo bó ṣe rẹlẹ̀ tó. Alùpùpù kékeré lè tẹ̀ gan-an nínú kọ́nà. Èyí ò lè tẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá sáré wọ kọ́nà, irin yìí á ha ilẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ kọ́nà ni kí ẹ ti dín eré kù. Inú kọ́nà kọ́ ni wọ́n ti ń tẹ búréèkì."

"Bí mo bá ti wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Bí ẹ bá fẹ́ yà sí òsì, ẹ fi ọwọ́ òsì ti áńdù tí ẹ dì mú síwájú díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á tẹ̀ sí òsì. Ẹ máa fún un lépo díẹ̀díẹ̀, ẹ má já epo náà kúrò lójijì. Ibi tí ẹ bá fẹ́ jáde sí ni kí ẹ máa wò. Ibi tí ojú yín bá lọ, ibẹ̀ náà ló ń lọ. Bí ẹ bá wo gọ́tà, inú gọ́tà lẹ ó sùn."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ti bá a kọ ọ́ sínú ìwé rí.

Kọ́nà kẹta

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Undie wà níwájú, mo tẹ̀lé e, Fọlárìn wà lẹ́yìn mi. Ọ̀nà náà dán, ó ń lọ́ mọ́ ara òkè bí okùn tí wọ́n ká sílẹ̀. Apá kan jẹ́ àpáta, apá kejì jẹ́ ọ̀gbun tí igi inú rẹ̀ dà bí ewébẹ̀.

Kọ́nà kìíní, mo di áńdù náà mú bí ẹni tó mú olè. Kọ́nà kejì, mo rántí ohun tó wà nínú ìwé mi. Mo dín eré kù ṣáájú, mo gbé ojú mi sí ibi tí mo ń lọ, mo ti ọwọ́ òsì síwájú. Ohun ńlá náà sì tẹ̀, jẹ́jẹ́, bí àgbà obìnrin tó ń jókòó sórí àga. Ó yí kọ́nà náà láìgbọ̀n. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pariwo nínú akoto.

Kọ́nà kẹta ni mo ti ṣe àṣìṣe. Bàbá arúgbó kan dúró ní bèbè ọ̀nà níbi tí kọ́nà náà ti yà, igi ìdáná wà lórí wọn. Bí mo ṣe yọ, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi.

Kí ni kí ọmọ tí a kọ́ nílé ṣe? Mo yí ojú sí wọn, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!"

Ibi tí ojú mi lọ ni alùpùpù náà lọ. Ó dojú kọ bàbá náà ṣánṣán. Mo tẹ búréèkì. Ó nà dìde nínú kọ́nà bí ẹṣin tó bínú, ó tún ń lọ tààrà. Nígbà tí ó fi dúró, táyà iwájú kò jìnnà sí ìka ẹsẹ̀ wọn ju ọwọ́ kan lọ. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá sórí eékún mi, mo sì mọ̀ pé n kò lè gbé e dúró. Mo rí Bọ̀dá Akínwálé nínú pálọ̀ mi. Mo rí ẹnu wọn bí ó ṣe ń la fún ẹ̀rín.

Bàbá náà ju igi wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbá áńdù náà mú. Èmi lápá kan, àwọn lápá kan, a tì í dìde. Kò kan ilẹ̀. Fọlárìn jẹ́rìí sí i, Undie jẹ́rìí sí i.

Undie sáré padà wá. "Mama, wetin you dey look?"

"Mo ń kí Bàbá ni."

"You dey do wetin?"

"Mo ń kí wọn. Àgbà ni wọ́n."

Undie fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó sọ ọ́ fún bàbá náà ní èdè wọn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lórí igi ìdáná wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀, Undie sì tú u fún mi. Wọ́n ní àwọn kò kí mi. Màlúù ló wà níwájú, ìdí nìyẹn tí àwọn fi gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní lórí òkè yìí, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹni tó wà nínú kọ́nà, ẹni tó wà nínú kọ́nà kì í sì í kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn, kí ó jáde kúrò nínú kọ́nà ná, kí ó dúró, kí ó wá kí i.

Mo jókòó sórí òkúta. Fọlárìn rò pé ẹ̀rù ló bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀sùn tí Bọ̀dá Akínwálé fi kàn mí ní ìpàdé ẹbí ìgbà yẹn. Wọ́n ní àwọn dúró pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ àwọn ní ibi tí ọ̀nà ti yà nísàlẹ̀ òkè ní Ẹ̀fọ̀n, pé mo gun máṣíìnì mi kọjá, mo rí àwọn, n kò sì kí àwọn. Ìyàwó tuntun! Wọ́n ní máṣíìnì ti ń gùn mí. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ yí gbogbo ilé ká, n kò lè ṣàlàyé ohun tó fà á, nítorí èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ojú mi ṣá wà lójú ọ̀nà ni. Láti ìgbà náà, mo ti gbà nínú ara mi pé mo jẹ̀bi díẹ̀.

N kò jẹ̀bi. Inú kọ́nà ni mo wà. Ká ní mo kí wọn lọ́jọ́ náà, tí mo tẹrí ba bó ṣe yẹ, èmi àti máṣíìnì á ti wọ àárín Bọ̀dá Akínwálé àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn ìgbà kan wà láti ọjọ́ náà tí mo máa ń rò ó pé bóyá ó yẹ kí n kí wọn, kí máṣíìnì náà sì bá mi kí wọn.

Òkè téńté

Mo dìde lórí òkúta náà bí ọmọ ogún ọdún. Mo dúró de màlúù kí wọ́n kọjá, mo bọ bàbá arúgbó náà lọ́wọ́, mo wò wọ́n lójú, a sì tẹ̀ síwájú. Àwọn kọ́nà tó kù, mo ń yí wọn bí ẹni tó ń jó. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Nígbà kan irin ìgbẹ́sẹ̀lé ha ilẹ̀, ó dún ṣàà, mo sì mọ̀ pé mo ti dé òpin ibi tí ó lè tẹ̀ dé. Mo rọra dín in kù.

Òkè téńté tutù. Kùrukùru bo ohun gbogbo, ó tún ká kúrò lójijì, ayé sì tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ya òkè sára pátákó ìkọ̀wé fún àwọn ọmọ yín. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé n kò yà á dáadáa. A mu tíì gbígbóná pẹ̀lú oyin ibẹ̀. Mo kọrin. Fọlárìn, tí kì í fẹ́ kí n kọrin níta, gbè é.

Sísọ̀kalẹ̀ ló le jù. Bí ẹ bá ń sọ̀ lórí kúrúsà, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló ń tì yín lẹ́yìn, ó fẹ́ kí ẹ tẹ búréèkì, kí ó lè jù yín nù. Undie ní kí n fi jíà kékeré dì í mú, kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà máa ráhùn. Mo jẹ́ kí ó ráhùn. Mo mọ ìráhùn dáadáa. Kọ́nà kọ̀ọ̀kan, mo mú eré wálẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, mo gbé ojú sí ibi tí mo ń lọ, n kò sì wo ọ̀gbun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ju ọwọ́ sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. N kò dá wọn lóhùn. Nísàlẹ̀, ìyàwó Undie ń dúró dè mí. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ti sítáǹdì sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn.

N kò ṣubú.

Ìbà

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìgbà tí a padà délé, èmi àti Fọlárìn lọ sí Ìbà. Bọ̀dá Akínwálé jókòó níwájú ilé wọn pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wọn mélòó kan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ní mo ti gùn ún, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló rí ọ?"

"Èmi rí wọn, Bàbá," ni Fọlárìn wí.

"Ìwọ! Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ rẹ̀!"

Fọlárìn nawọ́ fóònù sí wọn. "Fọ́tò rèé."

"Fọ́tò! Láyé tí wọ́n ń ṣe fọ́tò òkú tó ń jó? Gbé e kúrò lójú mi. N ò rí i, n ò sì gbà á."

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe máa gba alùpùpù mi lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ẹ̀rín, lójú àwọn èèyàn. Mo gba akoto Fọlárìn, mo gbé e fún wọn.

"Bọ̀dá, ẹ gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fojú ara yín rí i."

Ẹ̀rín dá. Gbogbo ojú wà lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò ní, "Àbí ẹ̀rù ń bà yín, Alàgbà?"

Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n dé akoto. Fọlárìn gbé ẹsẹ̀ wọn kọjá sí òdìkejì.

"Níbo ni kí n dì mú?"

"Ẹ di ẹ̀gbẹ́ mi mú. Ibi tí mo bá tẹ̀ sí, kí ẹ bá mi tẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá jókòó ṣánṣán nínú kọ́nà, ẹ máa tì wá lọ sí ibi tí mi ò fẹ́ lọ."

Kọ́nà kìíní nínú ẹ́sítéètì, wọ́n jókòó ṣánṣán bí òpó iná. Mo tẹ̀ sí ọ̀tún, àwọn fà sí òsì. Alùpùpù náà kọ̀, ó fẹ̀ lọ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta omi. Mo ti dín eré kù tẹ́lẹ̀, nítorí mo mọ̀ wọ́n. Mo dúró.

"Bọ̀dá, ẹ ò tẹ̀."

"Èmi ò lè máa tẹ̀ fún…"

"Fún ta ni, Bọ̀dá?"

Mo dúró síbẹ̀, n kò kánjú. Mo gbọ́ èémí wọn lẹ́yìn mi, èémí arúgbó. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn mú ẹ̀gbẹ́ mi le sí i.

"Máa lọ," ni wọ́n wí.

Kọ́nà kejì ń bọ̀. Mo dín eré kù, mo gbé ojú mi sí ibi tí mo ń lọ, mo ti ọwọ́ síwájú. Mo tẹ̀. Lẹ́yìn mi, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìkérora, Bọ̀dá Akínwálé tẹ̀. Alùpùpù náà yí kọ́nà náà bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀.

A jáde kúrò nínú kọ́nà náà.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀ẹ́n, Bọ̀dá."

"Máṣíìnì rẹ ni."

"Mo gbọ́. Ẹ máa tún un sọ níwájú wọn tí a bá padà."

"Màá sọ ọ́." Wọ́n tún akoto orí wọn ṣe. "Ṣé kò sí kọ́nà mìíràn ni?"

Kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí ní Okokomaiko: n kò tíì dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n kọ́nà wà ní Ìbà dáadáa, mo sì mọ gbogbo rẹ̀. Mo fún un lépo.